Wáyà, fèrè àti ẹ̀jẹ̀ tó ń ya nínú ara: kí ló ń fa àríyànjiyàn lórí ìtọ́jú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní ìjàǹbá?

Bí èèyàn bá ń ka ohun tí wọ́n ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa títọ́jú òpó ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ lára ẹni tó fara pa, ọ̀rọ̀ méjì tó ta kora ni yóò bá pàdé. Àwọn kan ń sọ pé ayé ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń la àyà èèyàn, pé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti itan ti tó. Àwọn mìíràn ń pín in kiri pé wọ́n fi fèrè, ìyẹn balloon, sínú òpó ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ní Britain, àwọn tí wọ́n pín sí ọ̀dọ̀ fèrè sì kú ju àwọn yòókù lọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Àmọ́ kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwádìí kan tó dán fèrè náà wò ní Britain, tí wọ́n pè ní UK-REBOA, ló mú ọ̀rọ̀ náà gbóná. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Aláìsàn 120 ni wọ́n ní lọ́kàn láti gbà, ṣùgbọ́n 90 ni wọ́n gbà tí wọ́n fi dá a dúró, torí ohun tí wọ́n ń rí kò fọkàn ẹni balẹ̀. A ó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yóò ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, nítorí pé fèrè yẹn kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta tí wáyà lè bá wọn gbé wọnú ara.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dé ibi tó bẹ́ láìla ara?

Ẹ jẹ́ ká dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ká wò ó. Aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀. Dókítà fi ìka méjì wá ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kìkì ní ìpàdé itan àti ikùn, tàbí kó fi ẹ̀rọ ultrasound wá a bí ìlù náà bá ti rẹlẹ̀ jù. Ó gún abẹ́rẹ́ oníhò síbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá tú ṣàà, ó mọ̀ pé òun ti wọlé. Ó ki wáyà tí ṣóńṣó orí rẹ̀ rọ̀ gba inú abẹ́rẹ́ náà, ó yọ abẹ́rẹ́, ó fi wáyà sílẹ̀ níbẹ̀, ó wá ti ọ̀pá oníke kan tó ṣófo gba orí wáyà wọlé. Láti ìgbà yẹn lọ, ọ̀pá oníke yẹn ni ẹnu ọ̀nà. Ohunkóhun tó bá fẹ́ wọlé, ibẹ̀ ni yóò gbà, ihò tó sì wà lára aláìsàn lè má ju ṣóńṣó bírò lọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún oògùn tí X-ray lè rí sínú iṣan. Lójú ẹsẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á yọ dúdú lójú ẹ̀rọ bí igi tó ní ẹ̀ka púpọ̀. Níbi tí iṣan bá ti já, dúdú yẹn á tú jáde kúrò lójú ọ̀nà bí íǹkì tó kán sórí bébà tó rin. Ibẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ń pa ẹni tó ní ìjàǹbá kì í ṣe èyí tí ojú ń rí nìkan. Àgbàlagbà kan ní ẹ̀jẹ̀ tó bíi lítà márùn-ún lára. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè ya sínú ikùn, sínú àyà tàbí sẹ́yìn egungun ìbàdí kó má sì sí ẹyọ ìkán kan lára aṣọ. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Kí ni wáyà náà ń ṣe nígbà tó bá débẹ̀?

Iṣẹ́ mẹ́ta ni, wọn kò sì jọra. Ó lè tún òpó náà ṣe: wọ́n á gbé páìpù onírin tí wọ́n fi aṣọ bò, èyí tí wọ́n ń pè ní stent, gba orí wáyà lọ síbi tó ya, wọ́n á tú u sílẹ̀ níbẹ̀, yóò là, yóò sì lẹ̀ mọ́ ara òpó náà láti inú. Ẹ̀jẹ̀ á máa gba inú páìpù kọjá, ojú ibi tó ya á wà lẹ́yìn aṣọ. Ó lè dí iṣan náà pa: wọ́n á fi wáyà kékeré tó ká bíi sípíríǹgì tàbí fóòmù tó dà bíi kànìnkànìn dí ẹ̀ka tó já, bí ìgbà tí èèyàn bá fi àkísà dí páìpù omi tó bẹ́. Iṣan tí ara lè yọ̀ǹda nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Iṣẹ́ kẹta ni ti fèrè. Fèrè kékeré kan wà lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, irú ohun tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ níbi ọjọ́ ìbí, àmọ́ omi iyọ̀ ni wọ́n ń bù sí i dípò afẹ́fẹ́. Wọ́n á tì í dé inú aorta, ìyẹn olórí òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn lọ sí gbogbo ara, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má lè kọjá sí ìsàlẹ̀. REBOA ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú ara á wá máa lọ sí ọkàn àti ọpọlọ nìkan.

Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ yìí, torí orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn dúró lé. Stent ń tún nǹkan ṣe. Dídí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Fèrè kò tún ohunkóhun ṣe. Ibi tó já ṣì já síbẹ̀. Àkókò ni fèrè ń yá aláìsàn, àkókò tí wọ́n bá sì yáni, èèyàn á san án padà.

Ṣé ọgbọ́n tuntun ni?

Rárá. Sven-Ivar Seldinger, dókítà ará Sweden, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ọ̀nà abẹ́rẹ́, wáyà àti ọ̀pá oníke yìí ní 1953. Ní 1954, Carl Hughes, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ròyìn pé àwọn gbìyànjú fèrè inú aorta lára ọmọ ogun tó ti ń kú lọ nígbà ogun Korea. Wọn kò yè é, ọ̀rọ̀ fèrè sì lọ sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1972, àwọn dókítà ní Boston kọ̀wé pé àwọn fi wáyà dé iṣan tó ń ya ní ìbàdí ẹni tí egungun rẹ̀ fọ́, àwọn sì dí i.

Ti stent ni ìtàn rẹ̀ wú mi lórí jù. Ní 1987, ní Kharkiv ní Ukraine, nígbà tí ó ṣì wà lábẹ́ ìjọba Soviet, Nikolay Volodos gbé páìpù oníaṣọ gba inú iṣan lọ sínú aorta àyà ọkùnrin kan tí òpó náà ti wú látàrí ìfarapa. Èdè Rọ́ṣíà ló fi kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì pẹ́ kí àwọn dókítà ìwọ̀ oòrùn ayé tó mọ̀. Fún ìgbà pípẹ́, Juan Parodi ti Argentina, tó ṣe irú rẹ̀ nínú ikùn ní 1990, ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ẹni àkọ́kọ́. Nítorí náà, aláìsàn tí òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ látàrí ìfarapa wà lára àwọn tí ọgbọ́n yìí kọ́kọ́ gbà là.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ dókítà kì í fi í la àyà mọ́?

Ẹ ro ọkọ̀ tó ń sáré lójú títì márosẹ̀ tó wá lọ forí sọ ẹ̀yìn tírélà. Ọkọ̀ dúró gbọn-in, ara awakọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àyà rẹ̀ kò tíì dúró. Ọkàn àti ìbẹ̀rẹ̀ aorta ń fì síwájú, nígbà tí apá aorta tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ti dè mọ́ ara ògiri àyà. Níbi tí èyí tó ń fì ti pàdé èyí tó dè, díẹ̀ lẹ́yìn ibi tí iṣan apá òsì ti yà kúrò, ni òpó náà ti sábà máa ń ya. Ìwádìí tí Parmley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí òkú ní 1958 fi hàn pé ó ju ẹni 8 nínú 10 lọ tó kú kí ìtọ́jú kankan tó kàn wọ́n. Àwọn tó dé ilé ìwòsàn láàyè ni awọ ìta òpó náà ṣì gbé ẹ̀jẹ̀ dúró.

Láyé àtijọ́, wọ́n á la ìhà òsì, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró kan sinmi, wọ́n á fi irin há òpó náà lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á gé ibi tó ya, wọ́n á rán páìpù aṣọ síbẹ̀. Ní gbogbo àkókò tí irin bá fi há a, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọ̀pá ẹ̀yìn dáadáa. Àwọn kan a jí, ẹsẹ̀ wọn kò sì ní gbéra mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó forí sọ tírélà kì í fara pa lójú kan. Orí lè ti lu, ẹ̀dọ̀ lè ti ya. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tí wọ́n sábà ń lò nígbà iṣẹ́ abẹ náà, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ rẹ̀.

AAST, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà, ṣe àkójọ méjì tó fi bí ayé ṣe yí hàn. Nínú àkójọ tó jáde ní 1997, kò sí ẹnì kan tí wọ́n fi stent tọ́jú. Nínú èyí tó jáde ní 2008, aláìsàn 193 ni wọ́n kà, stent ni wọ́n fi tọ́jú 125 nínú wọn. Nínú àwọn tí wọ́n là, ìdá 23.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Nínú àwọn tí wọ́n fi stent sí, ìdá 7.2 ni. Àwọn tó di arọ náà kéré lọ́dọ̀ stent.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà, SVS, fọwọ́ sí stent ní 2011. Àmọ́ ohun méjì wà tí àwọn tó ń yin stent kì í sábà mẹ́nu bà. Kò sí ẹni tó ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tí wọ́n máa là àti ẹni tí wọ́n máa fi stent sí. Dókítà ló ń yàn. Èkejì, ẹni bí 1 nínú 5 lára àwọn tí wọ́n fi stent sí nínú àkójọ 2008 ló ní wàhálà kan tàbí òmíràn tó jẹ mọ́ stent fúnra rẹ̀: bóyá kò lẹ̀ dáadáa, bóyá ó ṣèèṣì bo iṣan mìíràn. Irin iṣẹ́ ti dára sí i láti ìgbà náà.

Àwọn tó ń ní ìjàǹbá báyìí sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́. Aorta ọmọ ogún ọdún kéré, yóò sì máa fẹ̀ bó ṣe ń dàgbà, ṣùgbọ́n páìpù tí wọ́n fi sí i kì í dàgbà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ní kó máa padà wá fún CT scan láti ìgbà dé ìgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, kì í rọrùn fún un láti rántí.

Ṣé gbogbo aorta tó bá ya ni wọ́n ń fi stent sí?

Ipele mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Ìkíní, awọ inú nìkan ló là. Ìkejì, ẹ̀jẹ̀ ti wọ àárín awọ. Ìkẹta, òpó náà ti wú síta. Ìkẹrin, ó ti bẹ́. Ìkíní kò nílò ju oògùn tó ń dín ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kù àti scan mìíràn lọ, torí ó sábà máa ń jinná fúnra rẹ̀. Ìkẹta àti ìkẹrin nílò àtúnṣe. Ìkejì ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí: àwọn kan ní kí wọ́n fi stent sí i, àwọn kan ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya ní ìbàdí tàbí nínú ikùn ń kọ́?

Níbí, dídí ni iṣẹ́ wáyà. Ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì fọ́ lè da ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sẹ́yìn ikùn. Bí oníṣẹ́ abẹ bá la ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á bo gbogbo ojú, kò ní mọ ibi tí ó ti ń wá. Wáyà máa ń rí i.

Àmọ́ àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń ya ní ìbàdí kò wá láti inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn. Ó ń wá láti inú àwọn iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà àti láti ara egungun tó fọ́ fúnra rẹ̀, wáyà tó gba itan kò sì lè dé àwọn yẹn. Àwọn tó di èrò yìí mú ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìgbànú ìbàdí fún egungun náà pọ̀, kí wọ́n sì ki aṣọ sínú ìbàdí láti tẹ ẹ̀jẹ̀ náà mọ́lẹ̀, torí oníṣẹ́ abẹ ti wà ní ilé ìwòsàn. Ní aago méjì òru, ẹni tó mọ wáyà lò lè ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ti spleen rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yà ara náà sápamọ́ sábẹ́ egungun ìhà òsì, ó sì tètè máa ń ya bí nǹkan bá gbá ìhà. Nígbà kan, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́ dànù. Lónìí, bí ìfúnpá aláìsàn bá dúró, wọ́n lè ṣọ́ ọ, wọ́n sì lè fi wáyà dí iṣan rẹ̀ kó lè wà níbẹ̀ nìṣó, torí ó wúlò fún gbígbógun ti àrùn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú fèrè ní Britain?

Ogun Iraq àti Afghanistan ló jí fèrè lójú oorun. Àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ń kú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń ya nínú ikùn àti ìbàdí, níbi tí èèyàn kò ti lè fi okùn dè é bí ó ṣe lè ṣe fún apá tàbí ẹsẹ̀. Wọ́n ṣe fèrè tó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ọ̀kan ní 2015. Ní 2014, ẹgbẹ́ dókítà tó ń fi hẹlikópítà yí London ká lo fèrè lójú pópó kí aláìsàn tó dé ilé ìwòsàn, ìyẹn sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé. Ní Sweden, Tal Hörer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Örebro dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń polongo pé kí wọ́n máa lo wáyà láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí aláìsàn bá ti dé.

Nígbà tí fèrè ti ń tàn kálẹ̀ báyìí, kò sí ìwádìí gidi kankan tó fi hàn pé ó ń gba ẹ̀mí là. Àkójọ kan láti Amẹ́ríkà tó jáde ní 2019 tiẹ̀ mú ìfòyà wá: nínú àwọn tí wọ́n lo fèrè fún, ìdá 35.7 nínú ọgọ́rùn-ún kú, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 18.9 nínú àwọn tí ìfarapa wọn jọ tiwọn tí wọn kò lò ó fún. Àwọn tó gba ti fèrè ní àwọn tó ti ń kú lọ ni wọ́n ń fi fèrè sí, wọn kò sì dọ́gba. Àwíjàre yẹn mọ́gbọ́n dání. Ohun tó lè parí rẹ̀ ni kí wọ́n ṣẹ́ gègé.

Gègé náà ni UK-REBOA. Láti 2017 sí 2022, ní ilé ìwòsàn ìjàǹbá ńlá 16, bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ dé tí ẹ̀mí rẹ̀ sì wà nínú ewu, kọ̀ǹpútà ló ń pín in: bóyá ìtọ́jú tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìkan, bóyá ìtọ́jú náà pẹ̀lú fèrè. Jan Jansen ló ṣáájú wọn. Lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọjọ́, nínú àwọn tí wọ́n pín sí ọ̀dọ̀ fèrè, 25 nínú 46 ti kú, ìyẹn ìdá 54. Lápá kejì, 18 nínú 43 ló kú, ìyẹn ìdá 42. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ pa pọ̀ lọ́dọ̀ fèrè ju lápá kejì lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan nínú èsì náà ni àwọn èèyàn ń ṣì túmọ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe ní ìdá 86.9 nínú ọgọ́rùn-ún pé fèrè ń mú ikú pọ̀ sí i. Kò túmọ̀ sí pé fèrè pa ìdá 86.9 àwọn aláìsàn, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń pín in kiri. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí wọ́n bá kó ohun tí wọ́n rí jọ, ìgbàgbọ́ pé fèrè ń ṣèpalára lágbára ju ìgbàgbọ́ pé ó ń ṣèrànwọ́ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn.

Ṣé fèrè ló pa wọ́n, àbí àkókò?

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú èsì náà ni pé nínú àwọn 46 tí wọ́n pín sí ọ̀dọ̀ fèrè, àwọn tí wọ́n fẹ fèrè sínú wọn gan-an kò tó ìdajì. Àwọn kan, ara wọn ti dúró kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́. Àwọn kan, abẹ́rẹ́ kò rí iṣan. Báwo wá ni fèrè tí wọn kò fẹ̀ ṣe lè pa èèyàn?

Aago ló ṣàlàyé rẹ̀. Ó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 83 kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró pátápátá fún àwọn ọ̀dọ̀ fèrè. Ìṣẹ́jú 64 ni fún àwọn yòókù. Ẹ fojú inú wò ó: iṣan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀ ń fún pọ̀, ìlù rẹ̀ kò dún mọ́. Dókítà ń gún abẹ́rẹ́, kò rí i, ó tún gún un. Gbogbo èèyàn tó wà ní yàrá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Tíátà ti ṣí sílẹ̀ lókè, àwọn oníṣẹ́ abẹ ti wọ ìbọ̀wọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń ya lọ.

Nígbà tí fèrè bá tilẹ̀ wọlé, aago mìíràn bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ sí àyà, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ẹ̀dọ̀, ìfun, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ mọ́. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ni pé kó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ níbẹ̀, kó má sì ju wákàtí kan lọ bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ kíndìnrín ni wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń lò ó, wọ́n máa ń kọ ìṣẹ́jú tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Bí wọ́n bá sì tú u, oró tó ti kó jọ nísàlẹ̀ á ya lọ sí ọkàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíràn a pàdánù ẹsẹ̀.

Àwọn tó ṣì gba ti fèrè kò sọ pé irọ́ ni èsì náà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé aláìsàn 90 ní ilé ìwòsàn 16 láàárín ọdún bíi mẹ́rin àtààbọ̀ túmọ̀ sí pé ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ṣe bí ẹyọ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Ọwọ́ kò lè mọ́ ohun tí èèyàn ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ṣe é, kó sì tètè ṣe é, kí wọ́n sì lo fèrè tuntun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa sun kọjá. Èsì àwọn alátakò ni pé Britain wà lára orílẹ̀-èdè tí ètò ìjàǹbá wọn ti tò jù lọ lágbàáyé. Bí kò bá ṣeé ṣe níbẹ̀, níbo ni yóò ti ṣeé ṣe? Kò sí èyí tí mo lè sọ pé ó ti borí èkejì. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi fèrè sí èèyàn lónìí, òun ni ẹ̀rù ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn wo ni wọ́n ṣì máa ń là?

Wọ́n pọ̀. Ẹni tí ọ̀bẹ gún lápá tàbí tí ọta ìbọn ba iṣan ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ jẹ́, iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n á yọ iṣan láti ẹsẹ̀ kejì, wọ́n á fi ṣe afárá. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti já wálẹ̀ tí ikùn rẹ̀ sì ń wú, tíátà ni, kò sí àyè scan. Ibi tí wáyà ti wúlò fún ọgbẹ́ ọ̀bẹ ni abẹ́ egungun èjìká, torí kí abẹ tó dé iṣan ibẹ̀, ó lè gba pé kí wọ́n gé egungun. Stent oníaṣọ lè débẹ̀ láìgé nǹkan kan. Àwọn tí wọ́n ń gbé ní Peckham àti Camberwell ní London, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, mọ King's College Hospital, ọ̀kan nínú ilé ìwòsàn ìjàǹbá ńlá mẹ́rin ìlú náà. Irú ibẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ àti oníwáyà ti wà lábẹ́ òrùlé kan náà.

Nàìjíríà ń kọ́?

Iye èèyàn tó ń kú lójú pópó ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́ bí àjọ Road Safety ṣe ń kà á, lé ní 5,000. Stent àti dídí iṣan wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwọn ìlú ńlá bíi Èkó àti Abùjá ni wọ́n wà, àwọn dókítà tó kọ́ iṣẹ́ náà kò pọ̀, ilé ìwòsàn aládàáni ló sì ní ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ náà, níbi tí ẹbí ti gbọ́dọ̀ wá owó. Ẹni tó fara pa ní Ṣàgámù tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ wáyà, ó nílò ọkọ̀ tó máa gbé e, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára, àti ilé ìwòsàn tó máa gbà á wọlé.

Òfin ti sọ̀rọ̀ lórí gbígbà wọlé. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014, abala ogún, sọ pé dókítà tàbí ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tàbí méjèèjì. Òfin 2017 lórí ẹni tí ìbọn bà sọ pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, bóyá ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Nọ́mbà tí wọ́n ń pè fún ìjàǹbá ojú pópó ni 122, ti pàjáwìrì gbogbo ni 112.

Ohun kan sì wà tí Nàìjíríà kópa nínú wíwá rẹ̀. Oògùn tranexamic acid kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tètè tú. Ìwádìí CRASH-2, tó jáde ní 2010, dán an wò lára aláìsàn 20,211 ní orílẹ̀-èdè 40, àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó gba aláìsàn wọlé fún un. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn náà, ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún kú. Nínú àwọn tí wọn kò fún, ìdá 16. Gíráàmù kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gíráàmù mìíràn láàárín wákàtí mẹ́jọ, kò sí wáyà níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ X-ray. Kò wọ́n, nọ́ọ̀sì sì lè fún un. Àmọ́ òun náà ní aago tirẹ̀. Láàárín wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ìwádìí kan náà rí i pé ó lè mú kí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń pa pọ̀ sí i.